ALÁPÀ TÚN DI ÒGIRI
Ìtàn Kúkúrú Lórí Bí Àwọn Ènìyàn Ti Ń Fi Ohun Tí A Ti Lò Rí Kọ́ Ilé Ìlú àti Ilé Ọlọ́run

  Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan.

Àwọn tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí èmi arúgbó olùkọ́ni kọ díẹ̀ nínú ìtàn sí i. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé àwọn mìíràn yóò kọ orúkọ àwọn àlùfáà tí ó ti ṣe olórí wa, àti ọdún tí olúkúlùkù wọn dé. Èmi ó kọ nípa ohun tí a kì í sábà rí nínú irú ìwé báyìí, èyíinì ni ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn àti ìṣó: ibi tí wọ́n ti wá, àti ibi tí wọ́n ń lọ nígbà tí a bá wó ilé. Mo ní ìdí tí mo fi yan èyí, èmi ó sì jẹ́wọ́ ìdí náà kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀.

I. AMỌ̀ ÀWỌN BABA WA

Kí sìmẹ́ǹtì tó dé ilẹ̀ Èkìtì, amọ̀ ni gbogbo ilé, ìbáà ṣe ààfin ọba, ìbáà ṣe ahéré àgbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a wa ilẹ̀ pupa, àwọn obìnrin àti ọmọdé a pọn omi sí i, wọn a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mọ̀lé yóò mọ ìpele kìn-ín-ní yí ilé náà ká, yóò sì dúró kí ó gbẹ kí ó tó gbé èkejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ a wó. Nítorí èyí ni ilé kíkọ́ fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá a ṣe. Ẹni tí a bá bá kọ́ tirẹ̀ lónìí ni yóò wá bá ni kọ́ tiwa lọ́la. Ewé gbòdògì tàbí koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo òrùlé, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti rí.

Nígbà tí òrùlé bá jẹrà tí òjò sì pa ògiri, ilé náà a di alápà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ka alápà sí ohun asán. Bí ìdílé bá fẹ́ tún ilé kọ́, wọn a fọ́ alápà náà, wọn a da omi sí i, wọn a tẹ̀ ẹ́, a sì tún di amọ̀ bí ó ti wà ní ìṣáájú. Amọ̀ tí iná kò jó, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lára ògiri, omi ni yóò rán an létí ẹni tí í ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún sìmẹ́ǹtì, nítorí bí sìmẹ́ǹtì bá ti gan lẹ́ẹ̀kan, bí a da odò kan lé e lórí kò ní rọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀lé tí mo mọ̀ ní èwe mi a máa yin erùpẹ̀ alápà, wọn a ní a ti ṣa gbòǹgbò àti òkúta inú rẹ̀ kúrò láti ìgbà baba-ńlá ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń gbé inú ògiri tí baba baba rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Àwọn igi pẹ̀lú kò gbọdọ̀ ṣègbé. Òpó ìrókò tàbí ti apá tí ìkán kò jẹ, a ó yọ ọ́ kúrò ní ilé àtijọ́, a ó gbé e lọ sí tuntun. Ilẹ̀kùn a máa kọjá láti ọwọ́ baba sí ọwọ́ ọmọ.

II. ÀPÁÀDÌ ILÉ-IFẸ̀

Ẹni tí ó bá dé Ilé-Ifẹ̀ yóò rí ẹ̀rí tí ó dàgbà ju ìjọ èyíkéyìí lọ ní ilẹ̀ wa. Ní abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà ni a ti rí àgbàlá àti ojú ọ̀nà tí a fi àpáàdì tẹ́. Kì í ṣe pé a kàn da àfọ́kù ìkòkò sílẹ̀. A mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a gbé wọn dúró lórí etí wọn, a sì tò wọ́n ní ìlà tí ó dà bí egungun ẹja. Níbòmíràn a fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí àárín wọn fún ẹwà. Àwọn onímọ̀ tí ń wa ilẹ̀ wo ohun àtijọ́, bí Frank Willett tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìta Yemòó ní 1957, àti Peter Garlake tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ti tú púpọ̀ nínú wọn síta. Púpọ̀ nínú wọn ti ju 600 ọdún lọ. A rí irú rẹ̀ ní Ìbíní, a rí i títí dé Kétu àti dé ilẹ̀ Togo.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ni ó pàṣẹ kí a fi àpáàdì tẹ́ ìlú. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ jẹ́ kí a ro iṣẹ́ náà wò. Ìkòkò mélòó ni ó ń fọ́ ní ilé kan láàrin ọdún kan? Ilé mélòó ni yóò kó àfọ́kù tirẹ̀ jọ kí àgbàlá kan tó tẹ́? Ó dájú pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ìlú ni ó kó o jọ, láti ẹ̀yìnkùlé ọlọ́rọ̀ àti láti ẹ̀yìnkùlé tálákà, tí a kò sì lè mọ̀ lónìí èwo nínú àwọn àpáàdì náà ni ti ta.

Àwọn àgbà ní àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Odidi ìkòkò tí iná bá jó ju bí ó ti yẹ lọ yóò là, ṣùgbọ́n àpáàdì ti là ná, kò sì ní ohun tí yóò tún bẹ̀rù. Òun ni a fi ń fọn iná láti ilé dé ilé. Ohun tí ó ti fọ́ a máa ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí odidi kò lè ṣe.

III. ÀWỌN TÍ WỌ́N PADÀ BỌ̀

Bí ìkòkò ti ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń fọ́. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àti ti àwọn ogun tí ó ti jà ní ilẹ̀ Èkìtì ṣáájú rẹ̀. A kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbèkùn. Ọ̀pọ̀ ìlú di ahoro, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáko níbi tí ilé ti wà rí. Ní 1886 ni a ṣe àdéhùn àlàáfíà, àwọn tí ìjọba Èkó sì rán láti bá àwọn ológun sọ̀rọ̀ jẹ́ àlùfáà méjì, Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips ti Oǹdó. Phillips yìí kan náà ni a fi joyè bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ẹni tí ó rìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì ní ìgbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá wọn pa iná ogun ni ó tún padà wá bá wọn fi ìpìlẹ̀ ìjọ lélẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa? Àwọn ni ọmọ Èkìtì tí a ti tà tàbí tí a ti kó lẹ́rú, tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní Abẹ́òkúta, ní Èkó àti ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì padà sílé. Ayé ti kà wọ́n sí ẹni tí ó ti sọnù. Nígbà tí wọ́n dé, ilé baba wọn ti di alápà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ amọ̀. Nígbà tí mo bá ka ìwé Nehemáyà, níbi tí Sáńbálátì ti ń fi àwọn Júù ṣẹ̀sín pé wọ́n fẹ́ fi òkúta tí iná ti jó, tí a hú láti inú ààtàn, mọ odi, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí. Odi náà parí ní ọjọ́ 52, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí. Òkúta jíjóná ni a fi mọ ọ́, a kò sì gbọ́ pé ó wó.

IV. GARAWA, PÁÀNÙ ÀTI ÀPÓTÍ

Ilé ìsìn àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì jẹ́ ilé amọ̀ àti ewé. Nígbà tí páànù dé, ó jẹ́ ohun iyebíye. Ìjọ a máa dáwó fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó rà á. Nítorí náà a kì í sọ páànù nù. Nígbà tí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó tóbi, páànù ti kékeré ni a fi ń bo ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní tuntun, a ó gbé ti àtijọ́ lọ sí ilé olùkọ́ni. Láti ibẹ̀ ni yóò gbà dé ilé ìdáná àti ilé adìyẹ. Ọ̀dà dúdú ni a fi ń dí ojú ìṣó.

Mo rántí, ní ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kékeré, pé àpótí tí ọjà òyìnbó ti wá ni a fi ṣe àga wa, lẹ́tà ilé ìṣòwò sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ kọ lẹ́tà ńlá. Garawa epo òyìnbó, nígbà tí epo inú rẹ̀ bá tán, ni a fi ń pọn omi. Nígbà tí ó bá jò, a ó là á, a ó fi òòlù tẹ́ ẹ, yóò sì di ilẹ̀kùn tàbí ìbòrí fèrèsé. Irin inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti bàjẹ́ ni a so mọ́ igi tí a ń lù bí agogo, ìró rẹ̀ a sì dé oko.

Ní Adó-Èkìtì, Archdeacon Henry Dallimore dá ilé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Christ's School sílẹ̀ ní 1933. Gbogbo ẹni tí ó gòkè Àgídímọ̀ mọ̀ pé ní àkókò náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀gàn. Ìwé àti ọkọ́ ni wọ́n jọ ń gbé. Ìran náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìdọ̀tí títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òṣì ni ó fa èyí. Ẹ̀yin Àlùfáà tí ẹ ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lè rí kàtídírà St Albans. Nígbà tí Paul ará Caen di olórí ilé àwọn mọ́ǹkì níbẹ̀ ní 1077, bíríkì àwọn ará Róòmù, tí a hú láti inú ahoro ìlú Verulamium, ni ó fi mọ ilé ìṣọ́ ńlá àárín rẹ̀, ó sì dúró títí di òní. Ní Canterbury, nínú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St Martin níbi tí ayaba Bertha ti ń gbàdúrà kí Augustine tó dé ní 597, bíríkì Róòmù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àwọn abọ̀rìṣà ayé àtijọ́ fi kọ́lé ni àwọn onígbàgbọ́ gbé wọ inú ilé àdúrà.

Nígbà tí bọ́ǹbù sì jó kàtídírà Coventry ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, 1940, a ṣa àwọn ìṣó ńlá tí ó jábọ́ láti inú òrùlé àtijọ́ rẹ̀, a sì fi mẹ́ta nínú wọn ṣe àgbélébùú kan. A ya kàtídírà tuntun sí mímọ́ ní 1962, ṣùgbọ́n a kò wó àwókù ti àtijọ́ dànù. Méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A ti fi irú àgbélébùú oníṣòó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti wàásù ìlàjà, títí kan àwọn ọ̀tá ìgbà ogun náà.

V. ÌJẸ́WỌ́ ẸNI TÍ Ń KỌ̀WÉ YÌÍ

Mo ti wí pé èmi ó jẹ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, mo jẹ́ olùkọ́ni ní ìjọ kan tí èmi kì yóò dárúkọ. Ilé ìsìn wọn jẹ́ ti amọ̀, ó nípọn, ó tutù, ìrókò ni igi òrùlé rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà ní ojú ń tì wá. A fẹ́ ti bulọ́ọ̀kù, irú èyí tí a ń rí ní ìlú ńlá. Àwọn àgbà ní kí a farabalẹ̀, kí a kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kí a tó wó ti àtijọ́. Èmi ni mo dìde ní ìpàdé tí mo sọ pé a kì í fi wáìnì tuntun sínú ìgò awọ ògbólógbòó. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo lo ọ̀rọ̀ Olúwa sí ibi tí Olúwa kò fi í sí.

Láàrin ọ̀sẹ̀ kan a ti wó o. A ta páànù fún oníṣòwò kan ní owó tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ju ojú ìṣó lọ. A la ìrókò fún igi ìdáná àsè ìfìpìlẹ̀lélẹ̀. A fi ọkọ̀ kó amọ̀ lọ dà sí àfonífojì. Nígbà tí a gbé ògiri bulọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé, owó tán. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń jọ́sìn nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́, òjò sì ń lu ògiri tí kò ní òrùlé. Nígbà tí a tún rí owó díẹ̀, ìrókò ti di ọ̀wọ́n. Pákó tí kò lágbára ni a rà, ìkán sì jẹ ẹ́ kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Ní ọjọ́ tí a ń la igi, ìyá arúgbó kan wá. Ó wo iná náà títí, ó sì bẹ̀ mí pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìlẹ̀kùn fèrèsé kan níbẹ̀.” Mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Oyún mi wà nínú ìyá mi nígbà tí ó ń pọn omi sí amọ̀ ilé yìí. Ẹ̀yin kà á sí ilé àtijọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún Ọlọ́run.” Mo fún un, mo sì rẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi. Nígbà tí ilé tuntun parí, kò sí owó ìlẹ̀kùn fún yàrá àlùfáà. Ìyá náà ti lọ sí ọ̀run nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ ni ó gbé ìlẹ̀kùn fèrèsé yẹn wá, a so ó pọ̀ mọ́ pákó kan, ó sì di ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ilé tí ìyá ìyá náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́, òun nìkan ni ó ṣẹ́kù. Nígbàkigbà tí mo bá fi ọwọ́ kàn án, ojú ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé ọjọ́ náà a máa tì mí.

VI. TI ÌGBÀ TIWA

Àwọn ọmọ wa ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí a gbàgbé, àwọn mìíràn sì ti ṣe ju wa lọ. Ní 2011, ní abúlé Sabon Yelwa lẹ́bàá Kàdúná, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní DARE bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike omi kọ́ ilé. Iyanrìn ni wọ́n rọ kún inú ike kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé e, wọ́n tẹ́ wọn lé ara wọn bí bíríkì, wọ́n fi okùn so ọrùn wọn pọ̀, wọ́n sì fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì dí àárín wọn. A ṣírò rẹ̀ pé ilé kékeré kan tí ó ní yàrá kan, pálọ̀, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ gba nǹkan bí 7,800 ike. Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, UNICEF àti ilé iṣẹ́ kan láti Kòlóḿbíà yọ́ ọ̀rá àti ike ààtàn, wọ́n sì rọ ọ́ di bíríkì. Nígbà tí ó fi di 2019 wọ́n ti fi kọ́ kíláàsì 9 ní Gonzagueville, Divo àti Toumodi. Àwọn obìnrin tí ń ṣa ike náà ta á, wọ́n sì rí owó níbẹ̀. Ẹ wo ìwọ́jọ omi òjò ní ojú gọ́tà wa, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá a kò ní irú bíríkì bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, olùkọ́ni tí ó bá sọ apá kan òtítọ́ ti purọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó yẹ kí a tún lò. Páànù asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí a fi bo ọ̀pọ̀ ilé ní ìgbà kan rí, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ, kí ó má sì fi ayùn rẹ́ ẹ, nítorí eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, a sì máa pa ènìyàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Pákó tí ìkán ti wọ̀, kí a jó o. Ike tí a bá fi mọ ògiri, kí a rẹ́ ẹ bò dáradára, nítorí oòrùn a máa sọ ike di ẹlẹgẹ́. Kí a má sì ṣe dáná sun ọ̀rá, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n àfọ́kù bulọ́ọ̀kù dára lábẹ́ ìpìlẹ̀, amọ̀ alápà sì dára títí láé.

VII. ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará mi, bí ọdún ọgọ́rùn-ún bá kọjá, ẹ̀mí àtúnṣe ilé yóò gbé wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí a tó yọ ìṣó kan lára ilé tí àwọn baba wa kọ́ sí Ìjan yìí, kí a yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú ìjọ, kí wọ́n ka gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ: páànù mélòó, igi mélòó, ilẹ̀kùn mélòó, àti orúkọ ẹni tí ó fi í tọrẹ bí a bá mọ̀ ọ́n. Kí a bi àwọn ìyá wa àgbà léèrè kí wọ́n tó sùn. Lẹ́yìn náà ni kí a sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lọ. Bí opó kan bá wà tí òrùlé rẹ̀ ń jò, òun ni kí páànù kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tí Olúwa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin ní aginjù, Ẹni tí ó lè dá àkàrà mìíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó pàṣẹ kí a ṣa àjẹkù jọ. Agbọ̀n méjìlá ni ó kún. Bí Ọlọ́run ọlọ́rọ̀ kò bá fi àjẹkù ṣòfò, ta ni àwa?

Kí Ẹni tí ó kó àwọn baba wa jọ láti inú ìgbèkùn kó àwa náà jọ, àwa tí a ti fọ́, kí ó sì tò wá sí ojú ọ̀nà rẹ̀ bí àpáàdì Ifẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kan ẹrẹ̀. Àmín.